Ọ̀rọ̀ Kan, Hash Mẹ́ta: Àyẹ̀wò Ọwọ́ tí ethers.js Fi Mú Ọ̀rọ̀ Yorùbá

Àkójọ kóòdù JavaScript ni ethers.js, tí Richard Moore dá sílẹ̀ fún bíbá blockchain Ethereum sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń lò ó yìn ín pé ó fúyẹ́, ó sì yéni. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni tèmi: kí ni ó kà sí ọ̀rọ̀ kan náà?

Ẹ wo id(). Ó ń sọ ọ̀rọ̀ di báìtì UTF-8, ó sì ń fi ìṣirò yọ hash láti inú wọn. Bí báìtì kan ṣoṣo bá yàtọ̀, hash yóò yàtọ̀ pátápátá. Ẹ jẹ́ ká mú "ọjà". Bí "ọ" àti "à" bá jẹ́ àmì ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú Unicode, báìtì 6 ni ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá kọ "o" àti "a", tí a wá fi àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn kún wọn, ó di 7. Ojú kò rí ìyàtọ̀ yìí, àmọ́ id() rí i.

Kì í ṣe àìmọ̀. Nígbà tí ethers.js bá ń sọ àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń gba àpamọ́wọ́ padà di kọ́kọ́rọ́, ìlànà NFKD ló kọ́kọ́ ń mú wọn bá mu, bí BIP-39 ti là á sílẹ̀. BIP-39 ní àkójọ ọ̀rọ̀ fún èdè Faransé pẹ̀lú àmì orí lẹ́tà rẹ̀. Kò ní fún èdè Áfíríkà kankan. toUtf8Bytes() gbà kí a dárúkọ ìlànà tí a fẹ́. Id() kò gbà. Àbùkù tí mo rí nìyẹn.

Ní Ifangni, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Láàárín Igolo àti Ìdí-Ìrókò, àkọtọ́ méjì ló pàdé: "ọjà" ti Nàìjíríà, àti "ɔjà" ti alífábẹ́ẹ̀tì èdè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1975. Báìtì 5 ni "ɔjà": hash kẹta nìyẹn. Kò sí ìlànà Unicode tó ń sọ "ọ" àti "ɔ" di ọ̀kan. Bí a bá fi àkọtọ́ kan forúkọ ohun ìní sílẹ̀, ẹni tó bá fi èkejì wá a kò ní rí i, ohun tó sì ti wọ blockchain kò ṣeé pa rẹ́.

Kí olùkọ kóòdù lo normalize("NFC") ṣáájú id(). Ìyẹn yanjú ti kíbọọ̀dù. Ti ẹnubodè kù sọ́wọ́ àwa onímọ̀ èdè: àwa la gbọ́dọ̀ ṣe òfin tó so àkọtọ́ méjèèjì pọ̀.