Ẹni Tó Kì Ara Rẹ̀ Tán, Tó Wá Dà Á Nù

Bẹ́ǹṣì kan wà lẹ́yìn pátápátá nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí a dàgbà sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbé pósí gbà wọlé. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń ní kí ẹni tí ìjọ bá bá wí lọ jókòó sí. Nígbà tí a wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ọmọbìnrin kan nínú wa lóyún láìtíì ṣègbéyàwó. Àwa akọ̀wé ẹgbẹ́ la kọ lẹ́tà tí wọ́n fi gba aṣọ akọrin lọ́wọ́ rẹ̀. A kọ ọ́ dáadáa o. A fàmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀, a wá fi ẹsẹ Bíbélì mẹ́ta gbè é lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni ọdún Àjíǹde. A wọ funfun, a kọrin pé òkú ti jí, ohùn wa sì dùn lọ́jọ́ náà. Òun wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó ń gbọ́ wa.

Lẹ́tà mìíràn la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí: èyí tí Pọ́ọ̀lù kọ láti inú ẹ̀wọ̀n sí àwọn ará Fílípì, pàápàá orí kẹta rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Bíbélì lé yín sá. Ẹni tó bá fẹ́ràn lítíréṣọ̀, ì báà máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ì báà máa lọ mọ́ṣáláṣí, kódà kó má lọ síbì kankan, yóò rí nǹkan jẹ níbẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ fà wá mọ́ra ni pé Pọ́ọ̀lù kì ara rẹ̀. Oríkì gidi ni, kì í ṣe àwàdà. Ó ní ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n kọ òun nílà. Ó ní ọmọ Ísírẹ́lì lòun. Ó dárúkọ ẹ̀yà rẹ̀, Bẹ́ńjámínì, ẹ̀yà tí Sọ́ọ̀lù ọba àkọ́kọ́ ti jáde, ẹni tí òun náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Hébérù pọ́ńbélé ni, àwọn tó bí i náà sì nìyẹn. Tó bá di ti òfin, Farisí ni. Tó bá di ti ìtara, ó dojú ìjà kọ ìjọ. Tó bá di ti òdodo tí òfin ń béèrè, kò sẹ́ni tó lè rí àléébù kan tọ́ka sí lára rẹ̀. Méje ni gbogbo rẹ̀. Mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìran, kò ṣe wàhálà kankan kó tó ní wọn. Mẹ́ta tó kù ló fọwọ́ ara rẹ̀ wá. Ẹni tó bá ti gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń kì èèyàn lóde àríyá rí á mọ ètò yìí: wọn á ti orílẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó wá kan ohun tí olúwarẹ̀ fúnra rẹ̀ gbé ṣe. Nínú èdè Gíríìkì tí Pọ́ọ̀lù fi kọ ọ́, ègé ọ̀rọ̀ kéékèèké ni wọ́n, kò sí odindi gbólóhùn kankan láàárín wọn. Bí ìlù ni wọ́n ṣe ń dún.

Ó sì mọ àwọn tó ń kì í fún. Ìlú tó mọ iyì oyè ni Fílípì. Ní Makedóníà ló wà, ṣùgbọ́n àwọn ará Róòmù ti fi àwọn ọmọ ogun wọn tó fẹ̀yìn tì do ibẹ̀ lẹ́yìn ogun kan tí wọ́n jà nítòsí ìlú náà ní ọdún 42 ṣáájú ìbí Jésù. Ibi tí ẹnì kan wà lórí àkàbà, ta ló ga jù ú, ta ló kéré sí i, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń kà.

Ẹ padà wo ohun tó wà ní ipò kẹfà nínú oríkì yẹn. Inúnibíni! Ọkùnrin yìí ka fífìyà jẹ èèyàn mọ́ ohun tí wọ́n fi ń kì í. Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì sọ fún wa pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni àwọn tó sọ Sítéfánù lókùúta kó aṣọ wọn sí. Ní tiwa, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìwàásù ti máa ń ṣi ìtàn yìí kà. Wọn á sọ ọ́ bí ẹni pé ọmọ ìta kan ló wá di èèyàn Ọlọ́run, bí ìtàn ọ̀mùtí tó ju ìgò nù. Sọ́ọ̀lù kì í ṣe ọmọ ìta. Kò mutí, kò jalè, kì í pa ìsìn jẹ. Tó bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, òun la ò bá fi ṣe akọ̀wé.

Ohun kan tún wà tí a kì í sábà gbọ́. Sọ́ọ̀lù ti gba àjíǹde gbọ́ tipẹ́tipẹ́. Ẹ̀kọ́ àwọn Farisí ni pé òkú yóò jí. Àwọn Sadusí ni kò gbà. Ní orí kẹtàlélógún ìwé Ìṣe, nígbà tí wọ́n gbé Pọ́ọ̀lù dúró níwájú ìgbìmọ̀, ó pariwo pé Farisí lòun, ọmọ Farisí, pé nítorí ìrètí àjíǹde ni wọ́n ṣe ń ṣẹjọ́ òun. Kíá, ìgbìmọ̀ dà rú, Farisí kọjú sí Sadusí. Ó gbọ́n, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè ìbéèrè tó wà níbẹ̀: tó bá ti gba àjíǹde gbọ́ látilẹ̀, kí ló wá yí i padà?

Èrò tiwa ni pé ẹni tó jí ló mú ọ̀rọ̀ náà le. Àjíǹde tí Sọ́ọ̀lù ń retí tẹ́lẹ̀, tọjọ́ ìkẹyìn ni, tí Ọlọ́run yóò jí àwọn olódodo, tí òun alára yóò sì wà nínú wọn. Àjíǹde bẹ́ẹ̀ kì í dá agbéraga láàmú. Ó máa ń fi kún ìgbéraga rẹ̀ ni, torí ó ti mọ ibi tí àga òun máa wà. Wàyí o, ìròyìn wá kàn án pé ẹnì kan ti jí ṣáájú, ẹni náà sì ni èyí tí kò yẹ kó jí rárá. Òfin Mósè sọ pé ẹni tí wọ́n bá gbé kọ́ sórí igi wà lábẹ́ ègún. Jésù kú sórí igi. Lójú Sọ́ọ̀lù, ẹjọ́ ti parí nìyẹn, kò tún sí pé à ń ṣe àlàyé. Tí Ọlọ́run bá wá jí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dìde, a jẹ́ pé Ọlọ́run ti fagi lé ìdájọ́ àwọn tó mọ òfin jù. Gbogbo ohun méje yẹn, títí kan àìlálèébù rẹ̀, ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń ṣe ohun tó lòdì sí Ọlọ́run jù láyé rẹ̀. Wọn ò dá a dúró. Kódà, àwọn ló ń tì í lọ.

Ojú ọ̀nà Dámásíkù ni gbogbo ayé mọ̀. Orí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwé Ìṣe ti sọ ìtàn náà: ìkẹsàn-án, ìkejìlélógún, ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n. (Kò sí ẹṣin kankan nínú rẹ̀ o. Àwọn ayàwòrán ló fi ẹṣin sí i. Caravaggio ya èyí tó gbajúmọ̀ jù ní nǹkan bí ọdún 1601, ẹṣin yẹn sì tóbi ju Sọ́ọ̀lù lọ.) Ìmọ́lẹ̀ yẹn kọ́ ló dùn mọ́ wa jù, bí kò ṣe ohun tó tẹ̀ lé e. Ọkùnrin tó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ olórí àlùfáà láti lọ fi okùn de èèyàn, òun ni wọ́n wá ń fà lọ́wọ́ wọ ìlú bí ọmọdé. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò ríran, tí kò jẹ, tí kò mu. Ẹni tí wọ́n rán sí i, Ananíà, wà lára àwọn tó fẹ́ wá mú. Ananíà gbé ọwọ́ lé e, ó sì pè é ní arákùnrin. Bí ẹni yẹn bá ti ṣe bíi tiwa, tó kọ lẹ́tà, ìtàn náà ì bá ti parí síbẹ̀.

Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kò sọ ti ìmọ́lẹ̀ kankan fún àwọn ará Fílípì. Èdè ìṣirò owó ló lò, èrè àti òfò. Ó kó gbogbo oríkì yẹn kúrò lápá èrè, ó dà á sápá òfò. Nígbà tí ìyẹn kò tó o, ó lo ọ̀rọ̀ kan tó rùn, èyí tí Bíbélì Yorùbá kò bò mọ́lẹ̀ rárá: ìgbẹ́ ló pè é. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo bí ọ̀nà ìkọ̀wé rẹ̀ ṣe yí padà. Ègé kéékèèké ti lọ. Láti ẹsẹ ìkẹjọ títí dé ìkọkànlá, gbólóhùn kan ṣoṣo ló jẹ́ nínú Gíríìkì, ó gùn, ó ń lọ́, ó ń tún ara rẹ̀ mú, bíi ti ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ tí kò tíì rí. Ó fẹ́ mọ Kristi, ó fẹ́ mọ agbára àjíǹde rẹ̀, ó sì so ìjìyà mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó máa parí, tó kan àjíǹde tòun fúnra rẹ̀, ó ní bóyá ọwọ́ òun á tó o lọ́nà kan ṣá. Bóyá! Ẹni tí kò lálèébù lánàá ló ń sọ pé bóyá lónìí. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e, ó ní òun kò tíì débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, “bóyá”, ni àmì tó dá wa lójú jù pé nǹkan ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin yìí. Ìrẹ̀lẹ̀ tí èèyàn ń kéde rẹ̀, a kì í tètè gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n bóyá yìí bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, níbi tí agbéraga ì bá ti sọ pé dájúdájú.

Ọ̀rọ̀ náà “àjíǹde” alára dùn ún wò ní Yorùbá. Kì í ṣe inú pósí nìkan ló wà. Bí iṣẹ́ bá rẹ èèyàn, tàbí tó ń gbádùn bọ̀ látinú àìsàn, a máa ń ní kí àjíǹde ara ó máa jẹ́. Ọ̀rọ̀ àràárọ̀ ni, ti ẹni tí ara ro tó tún rí okun dìde. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther ni aṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì tó jáde lódindi ní 1884. A ò lè ronú kan iṣẹ́ yẹn ká má rántí Onitsha ní 1890, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó jókòó ti bàbá tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, tí wọ́n ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò bí ẹni ń yẹ ìwé ọmọ iléèwé wò, tí wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Bàbá kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà. Ó kú ní 1891. Ìwà mímọ́ ni àwọn ọ̀dọ́ yẹn ń wàásù. Wọ́n gba àjíǹde gbọ́ bíi ti Farisí.

A ò ní purọ́ fún yín pé Pọ́ọ̀lù di àdàbà. Nínú orí kẹta yìí kan náà, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kì ara rẹ̀, ajá ló pe àwọn alátakò rẹ̀. Ajá o! Ó bá Bánábà jà débi tí wọ́n fi pínyà, Bánábà tó jẹ́ pé òun ló mú un lọ bá àwọn àpọ́sítélì nígbà tí gbogbo wọn ń sá fún un. Níwájú díẹ̀ nínú orí náà, ó ní kí wọ́n máa fara wé òun. Àwọn kan á ní ṣé ẹ wá rí i, aṣọ ló pààrọ̀, ìgbéraga ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Àríwísí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni, a ò sì ní fọwọ́ gbá a dànù. Ṣùgbọ́n ẹ lọ ka orí kọkànlá lẹ́tà rẹ̀ kejì sí àwọn ará Kọ́ríńtì, níbi tó ti tún kì ara rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ẹgba ni: ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n nà án ní ogójì dín kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi ọ̀pá lù ú, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sọ ọ́ lókùúta, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ̀ ojú omi rì mọ́ ọn. Ó ní bí aṣiwèrè lòun ṣe ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí a wá ń retí pé kó fi ohun ńlá kan kádìí rẹ̀, ó ní ní Dámásíkù, inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbé òun sí, tí wọ́n sọ òun kalẹ̀ láti ojú fèrèsé lára odi, tí òun sì sá lọ. Dámásíkù tó fẹ́ fi àṣẹ wọ̀ o, apẹ̀rẹ̀ ló bá jáde. Ó kì ara rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rín la rín.

Lọ́dún tó kọjá, a wá ọmọbìnrin yẹn lọ. Ọmọ tó lóyún rẹ̀ nígbà yẹn ti wọ yunifásítì. Ó fún wa ní mínírà, ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa títí a fi sọ ọ́ tán, kò dá wa lẹ́nu. Ó wọ yàrá lọ, ó mú Bíbélì rẹ̀ jáde, ó yọ lẹ́tà náà nínú rẹ̀, ó ti ń pọ́n létí. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

“Ẹ ṣi àmì fi sórí orúkọ mi,” ló wí.

A tẹ̀ síwájú, a wò ó. Òótọ́ ni.