Àwọn Tó Ń Yẹ Ilẹ̀ Wò

Kò sí òkè tó lè ya lulẹ̀ ní Àpápá tàbí Ajégúnlẹ̀ ní Èkó. Ewu ilẹ̀ tiwa wà nísàlẹ̀: ẹrẹ̀ dúdú, amọ̀ rírọ̀, àbàtà tí wọ́n da iyanrìn lé lórí. Ìdí nìyí tí mo fi ń yìn àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó kọ́lé.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀, wọ́n á gbẹ́ ihò, wọ́n á ki ọ̀pá irin bọ̀ ọ́. Òòlù oníkìlógíráàmù 63.5 á máa já lé e lórí láti sẹ̀ǹtímítà 76, ẹnì kan á sì máa ka iye ìgbà tó já. Sẹ̀ǹtímítà 15 àkọ́kọ́ tí ọ̀pá bá wọlẹ̀ kò sí nínú ìṣirò. 30 tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń wò. Nínú amọ̀ tó rọ̀ gan-an, ọ̀pá náà lè máa rì fúnra rẹ̀. Wọ́n á fa ọ̀pá jáde, wọ́n á la ẹnu rẹ̀ sí méjì, wọ́n á fọwọ́ tẹ ẹrẹ̀ inú rẹ̀, wọ́n á dì í sí ọ̀rá.

Iye ìgbà tí òòlù já yẹn ló ń sọ fún ẹnjiníà bóyá ìpìlẹ̀ tó tẹ́ káàkiri á tó, tàbí kí wọ́n ri òpó títí kan iyanrìn líle.

Ní Freetown, ní orílẹ̀-èdè Sierra Leone, lọ́jọ́ 14 Oṣù Kẹjọ 2017, òkè ya lulẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá. Ó gba ẹ̀mí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Ilẹ̀ tiwa kì í pariwo bẹ́ẹ̀: ògiri á sán, ilé á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó dùn mí pé onílé púpọ̀ ka owó àyẹ̀wò sí ìnákúnàá, tí wọ́n á wá máa san owó fún bíríkìlà lọ́dọọdún láti lẹ ibi tó sán.