Ọ̀pá Àṣẹ Dé Lọ́ńdọ̀nù: Iṣẹ́ Alágbàwí Herbert Macaulay

Ní ọdún 1920, Herbert Macaulay wọ ọkọ̀ ojú omi láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Kì í ṣe agbẹjọ́rò, kò sì sí lára àwọn aṣòfin. Ìgbà tí ará Èkó yóò máa dìbò yan aṣòfin kò tíì tó. Akọ̀wé àti ògbufọ̀ ni ó jẹ́ fún Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó. Ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá ló gbé àwọn méjèèjì dé ọ̀hún, ẹjọ́ tí Olúwa bá ìjọba amúnisìn ṣe títí tó fi dé iwájú Privy Council, ilé ẹjọ́ tí kò sí òmíràn lókè rẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Yàtọ̀ sí ìwé ẹjọ́, ohun kan tún wà lọ́wọ́ Macaulay: ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí, Elékòó.

Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ Macaulay sí baba òṣèlú Nàìjíríà, ọkùnrin onítùbọ̀mu tí àwòrán rẹ̀ wà lára náírà kan. Iṣẹ́ alágbàwí rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a tẹjú mọ́: iṣẹ́ ẹni tí ń lọ síwájú alágbára nítorí ẹlòmíràn, tí kò sì ní agbára kankan lọ́wọ́ ju ohun tó mọ̀ àti bó ṣe mọ̀ ọ́n sọ lọ. Iṣẹ́ ọnà ni mo ka iṣẹ́ yìí sí. Bí a bá fara balẹ̀ wo bí Macaulay ṣe ṣe é, a ó rí i pé ọgbọ́n kan ló dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kì í bẹ aláṣẹ pé kó ṣàánú. Ọ̀rọ̀ tí aláṣẹ ti fẹnu ara rẹ̀ sọ, ìwé tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ni Macaulay máa ń gbé wá síwájú rẹ̀, tí yóò ní kó mú un ṣẹ.

Ìdílé rẹ̀ ti bá aláṣẹ sọ̀rọ̀ rí. Ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1864 ni wọ́n bí i ní Èkó. Bàbá rẹ̀, Thomas Babington Macaulay, ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859. Ìyá rẹ̀, Abigail, jẹ́ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1851, Crowther lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó bá Lord Palmerston sọ̀rọ̀, ó dé iwájú Ọbabìnrin Victoria, ó ṣàlàyé ìpalára tí òwò ẹrú ń ṣe láti Èkó wọ Abẹ́òkúta. Kí ọdún náà tó parí, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn sí Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò, wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861, ọkọ̀ ogun Prometheus wà lójú omi Èkó nígbà tí Ọba Dòsùnmú, ọmọ Akíntóyè, fọwọ́ sí ìwé tó fi ìlú lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ bàbá àgbà wà lára ohun tó ṣílẹ̀kùn fún òyìnbó. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló wá béèrè lọ́wọ́ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù pé kí ni wọ́n fi àdéhùn tí wọ́n bá Dòsùnmú ṣe náà ṣe.

Iṣẹ́ tó kọ́ ló là á lójú. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló rán an lọ sí Plymouth, ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà níbẹ̀ láti 1890 sí 1893. Nígbà tó padà dé, wọ́n fi í ṣe awọnlẹ̀ lórí ilẹ̀ ìjọba ní Èkó. Ní 1898 ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ti wọn ilẹ̀ fún ìjọba rí ti mọ bí oko baba ẹnìkan ṣe ń di ilẹ̀ ìjọba lórí ìwé: wọn á fa ìlà, wọn á ri òpó mọ́lẹ̀, wọn á kọ nọ́ńbà sí i, orúkọ ẹni tó ni ín á sì pòórá. Awọnlẹ̀ kì í sọ pé ilẹ̀ wa gbòòrò. Yóò ní láti orí òpó yìí dé orí òpó yẹn, ẹsẹ̀ bàtà báyìí báyìí ni. Ìwà yẹn wọ inú ọ̀rọ̀ Macaulay. Nígbà tó tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde ní 1908 láti bá Gómìnà Egerton wí lórí ọ̀ràn réluwé, orí owó àti bí wọ́n ṣe ná an ló gbé ẹ̀sùn rẹ̀ kà, kò fi èébú ṣe é.

Ọ̀ràn Àpápá wá bá a nílé. Ní 1913 ni ìjọba gba ilẹ̀ náà. Olúwa jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìdẹ́jọ, àwọn olóyè onífìlà funfun tí ilẹ̀ Èkó wà lọ́wọ́ ìdílé wọn láti ayébáyé. Òfin sọ pé kí ìjọba san owó fún onílẹ̀. Ìbéèrè tó wá délẹ̀ ni pé, kí ni Olúwa ní gan-an? Ilé ẹjọ́ ní Èkó dáhùn pé àṣẹ láti ṣàkóso ni, irú èyí tí olóyè fi ń pín ilẹ̀ fúnni tó sì fi ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Wọ́n ní owó àṣẹ yẹn nìkan ló tọ́ sí i, kì í ṣe owó ilẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó. Bí ìdájọ́ yẹn bá fi lè dúró, kò sí ìdílé kan ní Gúúsù Nàìjíríà tí ìjọba kò ní lè sọ fún pé alábòójútó lásán ni wọ́n lórí ilẹ̀ baba wọn.

Nínú ilé ẹjọ́, agbẹjọ́rò ló ń sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ti Macaulay wà níta, láàrin àwọn oníwèé ìròyìn àti àwọn tó lè mú kí Lọ́ńdọ̀nù fetí sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pá yẹn ti wúlò. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Láàrin Yorùbá, ìránṣẹ́ tó bá mú ọ̀pá ọba dání kò nílò láti ṣàlàyé ara rẹ̀. Ẹni tó rí ọ̀pá ti rí ọba. Ẹni tó bá kọ etí dídi sí i, ọba ló kọ etí dídi sí. Ọ̀pá tí Macaulay mú lọ tún ní ìtàn mìíràn lára, nítorí wọ́n sọ pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló fi í ta ilé Dòsùnmú lọ́rẹ. Ohùn méjì ni ọ̀pá kan ṣoṣo náà ń sọ. Ó ń sọ fún ọmọ Èkó pé, “Ọba ló rán mi.” Ó ń sọ fún òyìnbó pé, “Ẹ̀yin lẹ fi mí fún ọba. Ẹ ò lè fún ẹni tí ẹ kò kà sí ọba ní ọ̀pá àṣẹ.” Macaulay lè fi ojú ewé púpọ̀ kọ ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì kọ ọ́ lóòótọ́: ní 1921 ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ Justitia Fiat jáde lórí gbèsè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jẹ ilé Dòsùnmú. Inú àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì bá Dòsùnmú ṣe ni owó ìfẹ̀yìntì ọba ti wà, àpò owó ẹyọ 1,200 lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n oníwèé ìròyìn tí kò ní ka ìwé pẹlẹbẹ yóò wo ọ̀pá. Ẹni tó mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ fi han ta ni, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Macaulay sọ ní Lọ́ńdọ̀nù pé ìjọba ń jẹ agbára Elékòó run, ó sì sọ pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà ló mọ Elékòó sí ọba Èkó tòótọ́. Ojú ti ìjọba, inú sì bí wọn. Wọ́n ní kí Èṣùgbàyí rán alágogo yí ìlú ká láti kéde pé òun kò rán Macaulay níṣẹ́. Èṣùgbàyí kò gbà. Ní oṣù Kejìlá 1920, ìjọba sọ pé àwọn kò mọ̀ ọ́n ní ọba mọ́, wọ́n sì gé owó tí wọ́n ń san fún un. Ibi tó le jù nínú iṣẹ́ alágbàwí nìyí: ẹnu ẹnìkan ló ń sọ̀rọ̀ ní òkèèrè, orí ẹlòmíràn ni ìyà rẹ̀ ń já sí nílé. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Macaulay kò bẹ̀rù ìjọba tó ń jíṣẹ́ fún, ọba tó rán an kò sì sẹ́ ẹ. Láìsí ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn láàrin àwọn méjèèjì, ọ̀pá náà ì bá ti di igi lásán kí Macaulay tó padà wá sí Èkó.

Ọjọ́ 11 oṣù Keje 1921 ni ìdájọ́ dé. Viscount Haldane tó kà á kìlọ̀ pé kí adájọ́ má ṣe gbé aṣọ òfin Gẹ̀ẹ́sì wọ ẹ̀tọ́ ilẹ̀ àwọn ènìyàn tí àṣà wọn yàtọ̀. Kí wọ́n wádìí àṣà ibẹ̀ ná. Ilé ẹjọ́ náà gbà pé àwọn ará ìlú àti ìdílé ló ni ilẹ̀, pé olóyè dì í mú fún wọn ni, àti pé fífi tí Dòsùnmú fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ kò sọ ẹ̀tọ́ wọn di òfo. Ohun tí Olúwa fi sílẹ̀ fún ìjọba ni gbogbo ilẹ̀ náà, owó gbogbo ilẹ̀ náà sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ san. £22,500 ni owó náà padà jẹ́.

Níbi tí mò ń gbé, ní Jumeirah Village Circle ní Dubai, ìtàn yìí ń yé mi sí i. Àdúgbò ilé gogoro tí ọ̀nà rẹ̀ yí po bí òrùka ni, ọ̀kan nínú ibi tí òfin Dubai ti gba àjèjì láàyè láti ra ilé kó sì di tirẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá ra tirẹ̀ níbí, ìwé Dubai Land Department ló ń fi sọ pé òun ló nilé. Ẹni tó ń háyà, ìwé Ejari ni ẹ̀rí tirẹ̀. Àlejò ni wá, a kì í dìbò níbí. Nítorí náà, bí ọ̀ràn ilé tàbí ti ìwé ìgbélùú bá ká ẹnìkan mọ́, ẹni tí a máa ń wá ni ẹni tó mọ ọ́fíìsì tó kàn, tó ti ka ìwé náà títí dé ìlà tó kẹ́yìn, tó sì lè bá onílé sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ láìtẹ́ ara rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ìgbà tí mo bá rí ẹnìkan tó ń ṣe é dáadáa ni mo máa ń mọ bí ohun tí Macaulay ṣe ti ga tó, torí òun ṣe é ní ìlú ẹni tó ń bá ṣẹjọ́, lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀yìn Macaulay ní Èkó kò sì dá páropáro. Ìgbà tí ìjọba fẹ́ gba owó omi ẹ̀rọ, ó ti wà láàrin àwọn tó ta kò ó. Àwọn obìnrin ọjà tí Àlímọ́tù Pẹlẹ́wùrà jẹ́ olórí wọn dúró tì í, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Èkó àti ilé Dòsùnmú. Ilé rẹ̀, Kirsten Hall, ni olóyè àti oníṣòwò ń gbé ìṣòro wọn lọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà 1923, ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì kó gbogbo àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Èkó ní nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ́dún yẹn, ní 1928 àti ní 1933. Òun fúnra rẹ̀ kò jókòó sórí ìkankan. Ilé ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi ní 1913 lórí owó ogún kan tó wà níkàáwọ́ rẹ̀, ó ṣẹ̀wọ̀n, òfin kò sì jẹ́ kó díje mọ́. Ní 1928 ó tún ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, gbé jáde. Ìtàn rẹ̀ ò lè pé bí a bá fo ìyẹn. Ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ìgbìmọ̀ mọ́ lójú ló ń yan ẹni tí yóò wọlé, ló sì ń pinnu ohun tí wọn yóò sọ níbẹ̀.

Sùúrù rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ní 1925 ìjọba lé Èṣùgbàyí lọ sí Ọ̀yọ́. Macaulay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbé ọ̀ràn náà lọ sí Privy Council. Ní 1931, Lord Atkin dájọ́ pé ìjọba kò lè gba òmìnira ẹnìkan kó sì kọ̀ láti fi hàn níwájú ilé ẹjọ́ pé òfin fọwọ́ sí i. Lọ́dún náà ni Gómìnà Donald Cameron gbà kí Elékòó padà sí Èkó. Ọdún 11 ni ó gbà kí ọba tó rí èrè kíkọ̀ láti sẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀, ọdún kan péré ló sì kù fún un láyé.

Macaulay ti tó ẹni ọdún 81 nígbà tí òun àti Nnamdi Azikiwe gbéra ní 1946 láti rin Nàìjíríà ká lórúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC, kí àwọn ará ìlú lè fún wọn láṣẹ láti rán aṣojú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ta ko òfin ìṣèjọba tuntun tí Gómìnà Richards gbé kalẹ̀. Àìsàn kọ lù ú ní Kánò, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún. Àwọn aṣojú náà lọ ní 1947, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì wà lára wọn. Ìwé tí Macaulay kó jọ wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn títí dòní, àwọn lẹ́tà, ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ìwé ilẹ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ gba ẹnu wa sọ̀rọ̀ lónìí, ní Abuja tàbí ní òkèèrè, lọ wo ohun tí wọ́n ń pè ní ìmúrasílẹ̀ níbẹ̀: kó mọ ohun tí aláṣẹ ti ṣèlérí, kó mú ẹ̀rí rẹ̀ dání, kí ó sì rí i dájú pé ẹni tó rán an kò ní sẹ́ ẹ.