Omi Inú Ọpọ́n Ìwẹ̀

Ọ̀gá mi, ọmọ Lísàbí, abómi-ṣọ̀rẹ́-má-fọkàn-tán-an, ẹni tí ó kọ́ mi ní iṣẹ́ pọ́ńbà nígbà tí mo ṣì ń gbé nítòsí Boundary ní Àjégúnlẹ̀, kì í pariwo lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí ẹni tí ń fa sílíkóònù yí etí ọpọ́n ìwẹ̀ tí kò sí omi nínú rẹ̀, yóò pòṣé títí ojú yóò fi ti onítọ̀hún.

N kò ní í pẹ́ lórí bí a ti ń ha ti àtijọ́ kúrò. Ẹni tí ó ti di abẹ mú rí mọ̀ pé pẹrẹsẹ ni a ń tẹ́ ẹ kí ó má baà họ ara ọpọ́n, nítorí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé sílíkóònù tuntun kì í lẹ̀ mọ́ ògbólógbòó, bí ó ti wù kí èyí tó ṣẹ́ kù kéré tó. Omi inú ọpọ́n ni ọ̀rọ̀ mi.

Lítà omi kan, kílò kan ni. Ọpọ́n tí ó bá gba 150 lítà ti ru 150 kílò kí ènìyàn tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ṣàṣà sì ni èyí tí kì í rẹlẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ yìí, tí ojú lásán kò rí, ni ó ń fa etí ọpọ́n kúrò lára táìsì. Bí a bá dí àlàfo náà nígbà tí ọpọ́n ṣófo, pípadé ni a bá a. Ọjọ́ tí onílé bá kọ́kọ́ wẹ̀ ni yóò là, ohun tí a fi dí i yóò sì ya. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́kọ́ pọn omi kún un, ìgbà tí ó là jù lọ ni a dí i. Bí omi bá lọ tán, ọpọ́n a gbéra, a fún sílíkóònù náà pọ̀, kò sì ní í tètè ya. Ibi tí ògiri bá lanu sí ni aláǹgbá ń gbà wọlé: ọ̀gá mi a máa jẹ́ kí ó lanu tán kí ó tó dí i. Omi náà yóò sì wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì, nítorí òde ni sílíkóònù ti ń gbẹ wọ inú. Bí awọ rẹ̀ bá ti le, inú rẹ̀ ṣì lè rọ̀ bí ẹ̀kọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ọ̀gá mi tí ó pọn omi kún ọpọ́n báyìí, nínú ilé àtijọ́ kan ní GRA Àpápá, ọpọ́n irin wúwo tí ó gba èbúté wọlé, mo kà á sí ìfiṣòfò. Ní àdúgbò tiwa, ọwọ́ mẹ́ruwà ni a ti ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì-kẹ́ẹ̀gì, omi tí ìyá mi bá fi fọ aṣọ ni ó sì tún fi ń fọ ilẹ̀. Ọ̀gá mi rí ojú mi. Ó ní, “Ọmọdé, omi yìí ń ṣiṣẹ́ jù ọ́ lọ.” Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní kí n gbọ́n ọn, kí n fi fọ gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà, títí dé ibi tí awakọ̀ ń gbé mọ́tò sí.

Lóde òní, àwọn pọ́ńbà kan ń lẹ sílíkóònù tuntun mọ́ ògbólógbòó. Wọ́n ń bu sìmẹ́ńtì funfun, tí kò lè nà, sí ibi tí ń mì. Wọ́n a gbowó lọ́sàn-án kan náà, kí ó tó pẹ́, gbogbo rẹ̀ a dúdú. Láìpẹ́ yìí, oníbàárà kan nítòsí Liverpool Road bi mí pé ṣé òun lè wẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

Mo ní, “Ẹ lè wẹ̀, sà. Garawa wà.”