Iṣẹ́ Pọ́íǹtì Gáàdì àti Ọdún Kẹta Stephen Curry ní Davidson

Nínú ipò márààrún tí à ń pín láàárín àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, n kò tíì rí èyí tí ó wù mí tó ti pọ́íǹtì gáàdì, ojú ẹgbẹ́, afọ̀nàhanni, ẹni tí bọ́ọ̀lù ń pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ṣùgbọ́n tí kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di ti ara rẹ̀ nìkan. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ìgbà èwe mi ṣe, òun náà ni mo sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ báyìí. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá bi mí bí ènìyàn ṣe ń ti kọ́lẹ́ẹ̀jì bọ́ sínú NBA, líìgì àwọn tí ń fi bọ́ọ̀lù jẹun, ìtàn ọdún kẹta Stephen Curry ní Davidson ni mo máa ń sọ fún wọn.

Ọmọ Dell Curry ni, ọkùnrin tí ó fi ọdún 16 gbá bọ́ọ̀lù nínú NBA, nítorí náà àtijù bọ́ọ̀lù sáwọ̀n láti òkèèrè kò ṣe àjèjì sí i. Síbẹ̀, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé àwọn yunifásítì ńláńlá kò kà á sí, tí ó fi jẹ́ pé Davidson ní North Carolina, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò tó 2,000, ni kóòṣì Bob McKillop ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ní ọdún 2008, nínú ìdíje àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà, Curry ní àmì ayò 40 nígbà tí Davidson lu Gonzaga, wọ́n borí Georgetown àti Wisconsin, kí Kansas tó fi 59 sí 57 dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n Jason Richards ni pọ́íǹtì gáàdì wọn nígbà náà, ọ̀gá nínú pípín bọ́ọ̀lù. Nígbà tí Richards kẹ́kọ̀ọ́ jáde, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ Curry ní ọdún kẹta rẹ̀.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju àtijù bọ́ọ̀lù lọ, àwọ̀n ni ó ń wò. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni pọ́íǹtì gáàdì ń wò lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ tí kò sì gbọdọ̀ wo ilẹ̀. Ẹ wò ó nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ tí ó sígbọnlẹ̀ bá wá dúró digbí láti dènà fún un: gáàdì yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá débi pé èjìká yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ra ìbàdí onítọ̀hún, kí ẹni tí ń ṣọ́ ọ má baà rí àyè tẹ̀ lé e, lójú ẹsẹ̀ náà ni yóò mọ̀ bóyá òmìrán ẹgbẹ́ kejì tí ó wà níwájú yóò yọ sí òun tàbí yóò fà sẹ́yìn. Bí ó bá yọ sí i, bọ́ọ̀lù ti dé ọwọ́ ẹni tí ń sáré lọ sídìí àwọ̀n. Bí ó bá fà sẹ́yìn, gáàdì fúnra rẹ̀ yóò jù ú. Ìpinnu yìí kò gba ìṣẹ́jú àáyá kan, kì í sì í sú mi í wò.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, Loyola ti Maryland bá Davidson pàdé, kóòṣì wọn sì pàṣẹ pé kí ènìyàn méjì máa ṣọ́ Curry níbikíbi tí ó bá yà sí. Ọmọkùnrin tí ó ti ní àmì ayò 44 níwájú Oklahoma ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú kò bínú, kò sì ṣe agídí. Ó lọ dúró sí igun pápá, ó fa àwọn méjèèjì mọ́ra, ó sì fi àwọn mẹ́rin yòókù sílẹ̀ kí wọ́n bá mẹ́ta figagbága. Kò ní àmì ayò kankan títí eré fi parí, Davidson sì fi 78 sí 48 borí. Àwọn àgbà ní àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Curry wẹ̀yìn lọ́jọ́ náà, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bá a ru igbá. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn ni ó di pọ́íǹtì gáàdì.

Lóòótọ́, òun náà ni àmì ayò rẹ̀ pọ̀ jù lọ ní ìpele àkọ́kọ́ bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà lọ́dún náà, 28.6 nínú eré kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun ní ọdún 2009, Minnesota mú gáàdì méjì, Ricky Rubio àti Jonny Flynn, kí Golden State tó mú un ní ipò keje. Iṣẹ́ le sí i níbẹ̀: ìṣẹ́jú àáyá 35 tí ẹgbẹ́ ní láti jù bọ́ọ̀lù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìgbà náà di 24, 10 tí wọ́n fi ń gbé e kọjá ìlàjì pápá di 8, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń yọ ọ́ lẹ́nu débi pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní 2011 àti 2012. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ní 2015 àti 2016, òun ni wọ́n dá lọ́lá bí agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù lọ nínú líìgì, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba ife ẹ̀yẹ ní 2015, 2017, 2018 àti 2022.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ yìí wù, ẹ má fi iye àmì ayò nìkan díwọ̀n ara yín. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, gáàdì ni ó sì ń kó ọwọ́ náà jọ. Ẹ kọ́ ojú yín láti rí ẹlòmíràn kí ọwọ́ yín tó yá sí àwọ̀n, kí ẹ sì kọ́ ọ dunjú ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, nítorí NBA kì í dúró de ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.