Ilé Àgùdà l'Ékòó: Ìlò Ló Ń Dá Ilé Sí

Ní Òṣogbo, igbó Ọ̀ṣun tí àjọ UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005 ní ààlà tirẹ̀, ó ní àwòrò, ó sì ní ọdún tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn. Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ni ogún ibẹ̀: ilé táwọn ènìyàn ń sùn sí, tí wọ́n ń tajà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń kírun nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi tó kí alámèyítọ́ yin ẹwà wọn nìkan. Ó yẹ kó béèrè ohun tó mú kí òmíràn ṣì wà lórí ìdúró nígbà tí òmíràn ti di ìtàn. Ohun tí mo gbà ni pé ìwé ìjọba kì í dá ilé sí. Ìlò tí kò ṣeé gbé lọ sí ibòmíràn ló ń dá a sí.

Àwọn tó kọ́ ilé wọ̀nyí, tàbí àwọn òbí wọn, ni ogun kó lẹ́rú lọ sí Brazil. Lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí dìde sí àwọn amúnisìn ní Bahia ní 1835, púpọ̀ nínú àwọn tó gba òmìnira padà sí Èkó, Àjàṣẹ́ àti Ouidah, wọ́n sì gbé iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà bọ̀ wálé. Àwọn là ń pè ní Àgùdà. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ló kọ́ mọ́sálásí Mohammed Shitta Bey ní òpópónà Martins, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 1894. Kí ènìyàn sún mọ́ ojú rẹ̀ dáadáa: ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé tẹ̀ bí ọrun lókè, ọnà àti òdòdó tí wọ́n fi ọwọ́ yọ lára ògiri sì yí wọn ká. Ní Àjàṣẹ́, mọ́sálásí ńlá tí àwọn Àgùdà kọ́ jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia débi pé àlejò lè ṣì í mọ̀. Ọwọ́ kan náà ló ṣiṣẹ́ fún ẹ̀sìn méjèèjì.

Ilojo Bar, ilé Àgùdà mìíràn ní gbàgede Tinúbú, wá ńkọ́? Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933. Ní 1956 ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, èyí tó fi jẹ́ pé òfin wà lórí rẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún kí wọ́n tó wó o lulẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2016. Mọ́sálásí Shitta Bey ní tirẹ̀ kò rí irú ìkéde bẹ́ẹ̀ gbà àfi ní 2013, lẹ́yìn ọdún 119 tí wọ́n ti ń kírun nínú rẹ̀. Èyí tí òfin ṣọ́ ló wó. Èyí tí òfin kò tètè mọ̀ ló dúró.

Ẹnìkan lè sọ pé wọ́n lo Ilojo Bar náà, ṣọ́ọ̀bù kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. Ọjà tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ṣeé tà nínú ilé èyíkéyìí ní Tinúbú, kódà nínú ilé alájà mẹ́wàá ló ti máa mówó wọlé jù. Ìrun Jímọ̀ ní Shitta Bey kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ilé yẹn gan-an ni ìjọ náà fi mọ ara wọn. Àtakò kejì wúwo ju èyí lọ: ilẹ̀ Tinúbú gbówó lórí, òfin ọdún 1979 tó dá àjọ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ sì ka wíwó ilé bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, ṣùgbọ́n onílé ló ń ru ẹrù àtúnṣe. N kò lè dá ìdílé kankan lẹ́bi pé ẹrù náà rẹ̀ wọ́n. Ó dùn mí pé ilé náà lọ, síbẹ̀ ẹni tó ní kí ẹlòmíràn pa ogún gbogbo ènìyàn mọ́ yẹ kó bá a dá nínú owó rẹ̀.

Àwọn kan tún ń sọ pé ilé òyìnbó Potogí ni àwọn ilé Àgùdà, pé kò kan Yorùbá. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ rìn láti Egan dé Igando àti Ìkọ̀tún, ní Alimosho l'Ékòó, kó wo àwọn ilé face-me-I-face-you: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì. John Michael Vlach, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, tọ ipasẹ̀ irú ilé yìí ní 1984 dé ọ̀dọ̀ àwọn Àgùdà. Nínú agbo ilé àtijọ́, àgbàlá ni gbogbo yàrá kọjú sí; ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gba ipò àgbàlá yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kíra, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń parí ìjà. Ìtàn Pópó Àgùdà ti dé Alimosho tipẹ́, a kàn ń gbé inú rẹ̀ láìfura ni.

Ṣé a kò wá lè tún èyí tó wó kọ́ ni? Ní Jámánì, bọ́ǹbù sọ Frauenkirche ìlú Dresden di àwókù ní oṣù Kejì 1945. Wọ́n tún un kọ́, wọ́n sì ṣí i ní 2005, pẹ̀lú òkúta àtijọ́ dúdú láàárín àwọn tuntun. Ẹni tó bá fi ìyẹn tù wá nínú nípa Ilojo Bar gbàgbé pé wọ́n tọ́jú òkúta wọn, àwọn ará ìlú dáwó, wọ́n sì ní agbẹ́kùúta tó mọ iṣẹ́. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kọ́kọ́ yọ owó orí ilé àti ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Land Use Charge kúrò lọ́rùn onílé tó bá tún ilé Àgùdà rẹ̀ ṣe, kó sì sanwó fún bíríkìlà àgbà tó bá ń kọ́ ọmọṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń yọ òdòdó sára ògiri. Irú ọmọṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní wọ́n ní Egan, níbi tí iṣẹ́ ilé kíkọ́ kì í dáwọ́ dúró.