Àyè Tí Fẹlá Fi Sílẹ̀ fún Tony

Fẹlá kì í fi orin ṣeré. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀, Africa 70, bá fẹ́ kọ́ orin tuntun, òun ni yóò jókòó ti dùùrù, tí yóò máa pín iṣẹ́ fún oníkálukú. Ohun tí gìtá àkọ́kọ́ yóò ta, ohun tí gìtá kejì yóò fi dá a lóhùn, ibi tí bẹ́ẹ̀sì yóò ti wọlé, ohùn tí àwọn onífèrè yóò jọ gbé, gbogbo rẹ̀ ló ti wà lọ́kàn rẹ̀. Ó kọ ti oníkálukú fún un, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Ẹnìkan ṣoṣo ni kò kọ nǹkan fún, ọkùnrin tó jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn ìlù òyìnbó, Tony Ọládìpọ̀ Allen. Tony fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé nínú gbogbo ẹgbẹ́ náà, òun nìkan lòun ń fi orí ara òun dá ohun tóun ń lù.

Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá gbé àwo Fẹlá kan sí i. A ti sọ púpọ̀ nípa Fẹlá, nípa ìjà rẹ̀, nípa ilé rẹ̀ tí ṣọ́jà jó ní 1977, nípa ẹnu rẹ̀ tí kò ní ìjánu. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ní tèmi o, ibi tí kò fọwọ́ kàn nínú orin ara rẹ̀ yẹn ló ń yà mí lẹ́nu jù. Ẹni tí kò gbà fún ìjọba, tí kò gbà fún ṣọ́jà, tó ń sọ bí wọ́n ṣe máa mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ pàápàá, ó rí ẹnìkan tó fọkàn tán débi pé ó fa ìpìlẹ̀ ilé lé e lọ́wọ́, òun wá gba òrùlé lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ onítọ̀hún dáadáa. Ẹni tó ń lu ìlù òyìnbó, tọwọ́ tẹsẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń tẹ ìlù ńlá tó dùbúlẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ń tẹ hi-hat, ìyẹn kíḿbálì méjì tó dojú kọra lórí ọ̀pá kan, tó ń ṣí tó ń padé bí ẹnu. Ọwọ́ ọ̀tún ń lu hi-hat yẹn lórí, ọwọ́ òsì sì ń lu snare, ìlù pẹlẹbẹ tí wáyà wà nídìí rẹ̀, tó máa ń dún ṣààṣà. Lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ onílù, ẹrù kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń rù. Ẹsẹ̀ á lu ilẹ̀, ọwọ́ á dá a lóhùn, gìì-pá, gìì-pá, kí oníjó lè mọ ibi tí yóò gbẹ́sẹ̀ sí. Ti Tony kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kì í sábà bọ́ sí ibi tí etí ti ń dúró dè é. Ó lè ṣáájú díẹ̀, ó lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì léraléra, kó wá dákẹ́ nígbà kẹta tí o ti mi orí sílẹ̀ fún un. Ọwọ́ òsì ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lórí snare, ó ń fọwọ́ ra á bí ẹni ń tẹ ẹ̀bà láti mọ̀ bóyá ó ti le, títí yóò fi lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó dún, tí gbogbo orin á sì yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Hi-hat ń lọ ní tirẹ̀, ṣíkí-ṣíkí-ṣíkí, lójijì ó la ẹnu, ṣììì, ó tún pa á dé.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó ka ìyókù. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máa gbá itan yín wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má dúró. Ẹ wá fi ẹsẹ̀ ọ̀tún lu ilẹ̀ láàárín ìgbá méjì, níbi tí ọwọ́ kò sí. Ó ṣeé ṣe. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ òsì bá wọn dá sí i, kó má tẹ̀ lé ọwọ́ ọ̀tún, kó má sì tẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa yóò ti rí i pé ara kan ṣoṣo ni Ọlọ́run dá fún wa, torí ọwọ́ á máa sá tẹ̀ lé ẹsẹ̀ bí ọmọ tó ń sá tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ́jà. Ẹsẹ̀ òsì ṣì kù, a kò tíì pè é. Tony a máa ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún ìṣẹ́jú 15 láìdúró, ojú rẹ̀ á sì tutù bí ojú ẹni tó ń gba atẹ́gùn níwájú ilé. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ kò sì le. Ẹni tó bá tẹ́tí sí àwo Africa 70 yóò gbọ́ pé ọkùnrin yìí kì í nà ìlù. Ìlù rẹ̀ fúyẹ́. Gìtá lè rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ẹni tó ń kọrin kò sì ní láti pariwo.

Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1940. Iṣẹ́ ẹ̀rọ rédíò ló ń ṣe nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlù ní nǹkan bí ọmọ ọdún 18. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ orin kankan. Ẹgbẹ́ Cool Cats ti Victor Ọláìyá ló ti kọ́kọ́ ríṣẹ́, igi méjì tí wọ́n ń kàn mọ́ra ni wọ́n sì kọ́kọ́ fún un, kó tó di pé ó bọ́ sídìí ìlù gan-an. Lóru, àwo Art Blakey àti Max Roach, àwọn onílù jáàsì Amẹ́ríkà, ni olùkọ́ rẹ̀. Ó ka ohun tí Max Roach kọ nípa hi-hat nínú ìwé ìròyìn Down Beat, ó sì rí i pé àwọn onílù háíláìfù tó yí òun ká kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ẹsẹ̀ òsì wọn. Ẹsẹ̀ kan wà níbẹ̀ láìníṣẹ́! Ó fún un níṣẹ́.

Ní 1964 ni Fẹlá, tó ti kàwé orin ní Trinity College ní London tó sì ti padà sílé, ń wá onílù tó lè bá òun lu jáàsì. Wọ́n mú Tony wá. Ó yà Fẹlá lẹ́nu pé ẹnìkan wà nílẹ̀ yìí tó lè lu jáàsì àti háíláìfù pọ̀ báyẹn. Ẹ fojú inú wo ọ̀rọ̀ náà: ẹnìkan gba òkè òkun lọ kọ́ orin, èkejì jókòó sí Èkó, ó ń fi etí jí i kọ́, àwọn méjèèjì sì pàdé lójú ọ̀nà kan náà. Ní 1965, Tony ti wà nínú Koola Lobitos, ẹgbẹ́ Fẹlá nígbà náà. Ọdún 15 ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ lò.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé Amẹ́ríkà ni Fẹlá ti rí ara rẹ̀, ní 1969, nígbà tí ẹgbẹ́ náà há sí Los Angeles tí Sandra Smith, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, sì la ojú rẹ̀ sí ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú. Tony náà rí nǹkan tirẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò la ariwo lọ. Ó pàdé Frank Butler, onílù jáàsì ìlú náà, ẹni yìí sì fi hàn án bí a ṣe ń fi ìrọ̀rí kọ́ ìlù láràárọ̀. Ó dà bí ọ̀rọ̀ eré, àmọ́ àṣírí ńlá ni. Bí igi bá kan awọ ìlù, awọ á tì í padà sókè, ìdajì iṣẹ́ ti parí. Ìrọ̀rí kì í ti nǹkan kan padà. Ọrùn ọwọ́ rẹ ni yóò gbé igi náà sókè, lójoojúmọ́, ní ìgbà àìníye. Ẹni tó bá fi ìrọ̀rí kọ́ṣẹ́ títí, nígbà tó bá padà sídìí ìlù, ọwọ́ rẹ̀ á ti fúyẹ́, yóò lè lu ohun tó rọ̀ jù lọ kó sì wà níbi tó yẹ gẹ́lẹ́. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ orí snare tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, mo gbà pé ìrọ̀rí wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí James Brown, olórin Amẹ́ríkà, wá ṣeré ní Èkó ní 1970, àwọn ènìyàn rẹ̀ wá wo Fẹlá. Tony ròyìn pé ẹni tó ń to orin fún James Brown, David Matthews, dúró ń wo ẹsẹ̀ òun, ó ń wo ọwọ́ òun, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn nítorí pé ohun tí Fẹlá kò kọ, àlejò ń gbìyànjú láti kọ ọ́.

Ẹni tó bá dàgbà sídìí dùndún lè béèrè pé ta wá ni ìyáàlù nínú Africa 70. Ọ̀pọ̀ á ní Tony ni, torí òun lonílù. Èmi kò gbà. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, ó ń kì, ó ń bú, ó ń pa òwe, ó ń pe orúkọ ẹni tó wọlé. Iṣẹ́ Fẹlá nìyẹn, tẹnu tẹnu, tòun ti fèrè. Gúdúgúdú ni Tony. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ o. Gúdúgúdú kékeré tó wà lọ́rùn, tí kò lè yí ohùn padà bíi ti gángan, òun ni ẹsẹ̀ tí gbogbo agbo fi dúró. Bí ọwọ́ onígúdúgúdú bá ṣì, ìyáàlù tó lẹ́nu jù láyé á di akólòlò. Ohun tí Tony wá fi kún un ni pé gúdúgúdú tirẹ̀ ń ronú. Kò sí ìṣẹ́jú kan tó bá èkejì mu délẹ̀délẹ̀, síbẹ̀ kò sí ìgbà kan tí oníjó ń ṣìnà.

Ẹ gbọ́ Zombie, àwo 1976. Orin ń lọ sí ìdajì kí ohùn Fẹlá tó wọlé. Gìtá ti ń sáré, fèrè ti pariwo, sasofóònù ti rìn lọ rìn bọ̀. Orin tó le tó bẹ́ẹ̀, tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀, ó lè tètè sú èèyàn. Ẹ wo ohun tí Tony ń ṣe: ó ń yí nǹkan kékeré padà lábẹ́ rẹ̀, tí kò ní jẹ́ kí etí sùn. Bí Fẹlá bá fẹ́ gba èémí, Tony á fi hi-hat gba èémí sínú pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ wá gbé Water No Get Enemy ti 1975 sí i, ìṣẹ́jú 11 péré, orin tó ń ṣàn jẹ́jẹ́. Ọwọ́ kan náà ni, àmọ́ ó ti tú okùn sílẹ̀. Ohun tó ń dùn mọ́ mi ni bí Fẹlá ṣe lè jókòó ti dùùrù lórí irú ìlù báyìí, kó ta ohùn méjì, kó dákẹ́, kó tún ta ọ̀kan. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í dákẹ́ láàárín orin. Ó mọ̀ pé ẹnìkan wà lẹ́yìn tí kò ní jẹ́ kí àlàfo yẹn di òfo.

Nígbà tí Tony fẹ́ ṣe àwo tirẹ̀, Jealousy ní 1975, Progress ní 1977, No Accommodation for Lagos ní 1979, Fẹlá ló bá a gbé wọn jáde, ó sì fun sasofóònù sí i. Orúkọ onílù ló wà níwájú àwo, ọ̀gá wá ń fun fèrè fún un. Kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn olórin wa. A mọ bí ẹni tó ni ẹgbẹ́ ṣe máa ń rí.

Ọ̀rọ̀ owó ló tú wọn ká, bó ṣe máa ń tú ẹgbẹ́ ká. Lẹ́yìn eré Berlin ní 1978 ni Tony yọwọ́, àwọn mìíràn sì bá a lọ. Lékan Anímáṣahun, onísasofóònù ẹgbẹ́ náà, dúró ti Fẹlá. Fẹlá dá Egypt 80 sílẹ̀, orin rẹ̀ sì wúwo sí i, ó gùn sí i. Ó lẹ́wà, n kò ní parọ́. Àmọ́ mo máa ń gbọ́ ìyàtọ̀ náà nísàlẹ̀. Àwọn onílù tó gbapò Tony ń lu Afrobeat dáadáa, Afrobeat tó ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dé. Fẹlá fúnra rẹ̀ kò fi pamọ́ pé láìsí Tony, kò ní sí Afrobeat.

Tony kó lọ sí Paris, ó bá àwọn ọ̀dọ́ lu ìlù, ó bá àwọn àgbà lù. Ní 2010, ó jókòó ní London pẹ̀lú Hugh Masekela, onífèrè ọmọ South Africa tí òun náà ti bá Fẹlá gbé ní Èkó láyé ọjọ́un. Nípasẹ̀ Fẹlá ni wọ́n fi mọra. Wọ́n gba ohùn sílẹ̀, iṣẹ́ náà sì wà bẹ́ẹ̀ láìparí títí Masekela fi kú ní 2018. Tony ló padà parí rẹ̀. Rejoice ni wọ́n pè é, ó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2020, Tony sì kú ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún kan náà.

Orin kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi rántí Fẹlá, tó sọ pé Èkó kò ní rí bákan náà mọ́ láìsí i. Nǹkan díẹ̀ ló wà níbẹ̀: ohùn, fèrè, bẹ́ẹ̀sì, ìlù. Kò sí gìtá méjì tó ń dá ara wọn lóhùn, kò sí àwọn obìnrin tó ń gbè. Tony ti lé ní ẹni ọdún 65. Ó ń lù ú wẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣì ń yẹ ibi tí à ń retí rẹ̀ sí. Masekela á kọrin díẹ̀, á dákẹ́, hi-hat á la ẹnu, á pa á dé, onílù náà kò sì di àlàfo yẹn fún ẹnikẹ́ni.